Orchidée ilẹ̀ àgbègbè Atakpamé: bí a ṣe lè dá a mọ̀ àti bí a ṣe lè gbìn ín



Bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lágbègbè Atakpamé, tí ilẹ̀ ti mu omi yó, òdòdó kan máa ń yọ láàárín àpáta, lábẹ́ àwọn igi tí òjìji wọn kò ṣú jù. Igi òdòdó rẹ̀ nà ṣánṣán sókè, ó lè ga tó orókùn àgbàlagbà, òdòdó bíi mẹ́wàá sì lè wà lórí rẹ̀. Àwọn ewé òdòdó tó wà lókè tín-ín-rín, àwọ̀ wọn dà bí ilẹ̀ pupa tó dàpọ̀ mọ́ àlùkò. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ fẹ̀, ó yọ síta bí ètè, ó funfun mọ́ àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi àdá gé e mọ́ koríko láì mọ ohun tí a gé.

Orchidée ni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí wọ́n ń tà nínú ìkòkò fún àwọn olówó o. Ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an ni, inú ilẹ̀ ló sì ń hù, kì í gun orí igi bí àwọn ẹbí rẹ̀ kan. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Eulophia guineensis. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí: bí a ṣe ń dá a mọ̀ láàárín àwọn tó jọ ọ́, ibi tó ń gbé, àti bí a ṣe lè gbìn ín sí àgbàlá láì pa á. A sì fẹ́ sọ ọ́ nísinsìnyí, torí pé àwọn ibi tí a ti ń rí i tẹ́lẹ̀ ń dín kù lójú wa báyìí.

Orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀

Àwọn àgbà tí a bi léèrè, "òdòdó igbó" ni wọ́n pè é. Orúkọ yẹn náà sì ni wọ́n fi pe ogún òdòdó mìíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi máa lo orúkọ àwọn onímọ̀, ká lè mọ èyí tí à ń wí. Èdè Gíríìkì ni Eulophia: "eu" ni dáadáa, "lophos" ni ogbe, bí ogbe orí àkùkọ. Bí ẹ bá wo inú ètè òdòdó náà dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ga díẹ̀díẹ̀ ní ìlà ìlà, bí ogbe kékeré. Guineensis ni "ti Guinée", ìyẹn ni pé ti etíkun Áfíríkà wa yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ìgbà náà ṣe ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, John Lindley, ló fún un ní orúkọ náà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London ní ọdún 1823. Kì í ṣe Togo nìkan ló ń hù sí: láti Senegal títí dé Ethiopia ni, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé Angola.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn wá nígbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ṣàkóso Togo, láti 1884 títí di 1914, wọ́n kó ewé àti òdòdó ilẹ̀ wa lọ sí Berlin, wọ́n sá wọn gbẹ, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé, wọ́n kọ orúkọ sí wọn lára. Rudolf Schlechter, tó jẹ́ ọ̀gá nínú ìmọ̀ orchidée nígbà ayé rẹ̀, rìn ká ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1899 àti 1900. Igi rọ́bà ni wọ́n rán an pé kó wá, àmọ́ ojú rẹ̀ kò kúrò lára orchidée. Ọ̀pọ̀ ohun tó kó jọ wà ní Berlin. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, bọ́ǹbù bọ́ lu ilé ewéko náà nígbà ogun, ó jó. Àwọn orchidée Schlechter wà lára ohun tó jóná. Ó wá di ọdún 1984 kí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Brunel, Hiepko àti Scholz, tó gbé ìwé tó ń jẹ́ Flore analytique du Togo jáde, èyí tí ènìyàn lè fi tọpa orúkọ ewéko ilẹ̀ wa. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹni tó bá rí i ní ilé ìkàwé, kó ṣí i wò, kò le tó bí ènìyàn ṣe rò.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé orchidée ni

Ẹ má wo àwọ̀ o. Àwọ̀ máa ń tan ènìyàn. Ẹ ka ewé òdòdó rẹ̀ ná: mẹ́fà ni yóò jẹ́, mẹ́ta níta, mẹ́ta nínú. Nínú mẹ́ta ti inú, ọ̀kan kò ní jọ àwọn méjì yòókù rárá. Òun là ń pè ní ètè, torí pé bí ètè ìsàlẹ̀ ló ṣe yọ síwájú. Orí rẹ̀ ni kòkòrò máa ń bà lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àárín òdòdó náà. Nínú òdòdó ilá, ẹ ó rí lẹ́bulẹ́bu púpọ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ ó sì rí abo rẹ̀ lọ́tọ̀ lórí. Orchidée kò ṣe bẹ́ẹ̀. Akọ àti abo ti dàpọ̀ di òpó kékeré kan ṣoṣo tó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ní orí òpó yìí, fìlà kékeré kan wà. Ẹ fi ẹnu ìgbálẹ̀ ṣí fìlà náà: hóró méjì aláwọ̀ ìyeyè ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó le bí ìda oyin. Lẹ́bulẹ́bu akọ ni, ṣùgbọ́n ó dì pọ̀. Nísàlẹ̀ fìlà yẹn, kòtò kan wà tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, abo nìyẹn. Bí ẹ bá ti rí òpó, fìlà àti hóró yìí, ọ̀rọ̀ ti parí, orchidée lẹ dì mú.

Ìdánwò kejì wà ní ìdí. Eulophia guineensis máa ń ní ìdí tó wú bí àlùbọ́sà kékeré, àwọ̀ ewé ni, ó sì máa ń jókòó sórí ilẹ̀, kì í sin ara rẹ̀ pátápátá. Inú rẹ̀ ló ń kó omi àti oúnjẹ pa mọ́ sí de ẹ̀ẹ̀rùn. A ó máa pe ìdí yìí ní kókó nínú ọ̀rọ̀ tó kù. Kì í ṣe kòkó tí àwọn ará Badou ń tà o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo àmì ohùn rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi sínú àpò fún àwọn oníṣòwò! Ọdọọdún ni kókó tuntun máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àná, nítorí náà wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Ewé rẹ̀ jẹ́ méjì, mẹ́ta, nígbà míì mẹ́rin. Ó lè gùn tó 30 sàǹtímítà, kó sì fẹ̀ tó ọwọ́ ènìyàn. Ó ní ìlà gígùn láti ìdí dé ṣóńṣó, ó sì ká bí aṣọ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù ṣẹ́. Ewé àti òdòdó máa ń wà pọ̀ ní àkókò kan náà. Ẹ rántí èyí, ó ṣe pàtàkì. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ètè: ìwo tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó nà sẹ́yìn gbọọrọ, ó lè gùn tó 2 sàǹtímítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Àwọn tó jọ ọ́

Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa ń da ènìyàn láàmú jù. Eulophia cristata máa ń yọ nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà míì lórí ilẹ̀ tí iná oko ti jó kọjá. Ìhòòhò ló ń tanná: òdòdó kọ́kọ́ jáde, ewé á wá tẹ̀lé e. Ó ga púpọ̀, ó lè ga kọjá ìbàdí ènìyàn, òdòdó rẹ̀ sì pọ̀, àwọ̀ àlùkò fẹ́ẹ́rẹ́ ni, àárín rẹ̀ dúdú díẹ̀. Eulophia cucullata náà kì í dúró de ewé. Òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ètè rẹ̀ jìn bí àpò. Pápá koríko ni àwọn méjèèjì fẹ́ràn. Ní ibi tí omi máa ń dúró, lẹ́bàá odò, Eulophia horsfallii ni ẹ lè bá pàdé, èyí tó lè ga ju ènìyàn lọ. Nítorí náà bí ẹ bá rí òdòdó tó jọ tiwa, ìbéèrè méjì péré ni: ṣé ewé wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó? Ṣé àárín àpáta àti òjìji ni, àbí pápá gbangba, àbí àbàtà? Ìdáhùn méjèèjì máa ń tó.

Ẹbí rẹ̀ kan wà tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n bí awọ erè, òdòdó rẹ̀ kò tóbi. Oeceoclades maculata lorúkọ rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé. Òjìji ló fẹ́ràn. Ohun ìyanu ni pé òun ti sọdá òkun. Ó ti tàn ká Brésil àti Florida ní Amẹ́ríkà bí koríko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń tọ́jú rẹ̀. Tiwa kò ní irú ẹ̀mí líle bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí kò bá sí òdòdó, ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pẹ kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ewé rẹ̀ náà ká bákan náà, a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bomi rin ọ̀pẹ nínú ìkòkò. (A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ náà wà láàyè títí dòní, ìyẹn dára ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn orchidée wa, bí ẹ ó ṣe kà á níwájú.) Èpàkún náà ní ewé oníìlà, àmọ́ ó ní irun lára, òdòdó rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ìdí rẹ̀ sì wọlẹ̀ tààrà bí ìka. Tẹ̀tẹ̀règún àti atalẹ̀ igbó ń mú òdòdó tó ní ètè jáde, ìyẹn ló ń tan àwọn tó mọ̀ díẹ̀. Ẹ fọ́ ewé wọn: bó bá ń ta sánsán bí atalẹ̀, kì í ṣe orchidée. Bí kò bá sì ta sánsán, ẹ padà wo òpó àti hóró méjì yẹn.

Ẹ má ṣe tọ́ ìdí òdòdó igbó kankan wò lẹ́nu láti fi dá a mọ̀. Gloriosa superba, òdòdó tó pupa tó sì ní àwọ̀ ìyeyè bí ọwọ́ iná, tí ṣóńṣó ewé rẹ̀ máa ń lọ́ mọ́ nǹkan, wà lára àwọn tó ń hù ní ilẹ̀ wa. Ìdí rẹ̀ dà bí iṣu kékeré, oró inú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà.

Gbígbìn ín

Ká sọ òótọ́, àwa gan-an ti pa á rí. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ gbìyànjú, mẹ́ta la wú, nígbà tí wọ́n ń tanná lọ́wọ́, torí pé ìgbà yẹn ni wọ́n lẹ́wà tí ojú wa sì ríran rí wọn. A fọ ilẹ̀ kúrò ní gbòǹgbò wọn, ó mọ́ tónítóní. A gbìn wọ́n sínú ilẹ̀ dúdú ọgbà, a sin kókó náà mọ́lẹ̀ bí ẹni sin iṣu. Òdòdó gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. A ní kò burú, ó ń fara mọ́lẹ̀ ni. Nígbà tí ọyẹ́ dé tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ̀rù bà wá, a bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láràárọ̀ lálẹ́. Ní oṣù kejì a fi ọwọ́ tẹ kókó rẹ̀, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bá a lọ.

Kò sí ohun tí a kò ṣì ṣe nínú ìyẹn. Ewé tó pọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe àìsàn; oorun ló fẹ́ sùn. Orí òkè níbi tó ti wá, ta ló ń bomi rin ín nínú ọyẹ́? Kókó rẹ̀ ti kó omi tirẹ̀ pa mọ́. Bí ilẹ̀ bá tutù nígbà tó ń sùn, ó máa jẹrà ni.

Nítorí náà, àkókò ló ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí i nípò, òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, ní oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, nígbà tí ewé ti gbẹ dànù tí ọ̀mùnú tuntun kò tíì yọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí òdòdó tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ sàmì sí i nígbà òjò: ẹ ri igi kékeré mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fi òkúta mẹ́ta ká a, kí ẹ sì ya fọ́tò ibẹ̀. Ẹ wú u tòun ti ilẹ̀ tó yí i ká, bíi ẹ̀kún ìgbá kan, ẹ má fọ gbòǹgbò rẹ̀. Ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun tó ń bọ́ ọ wà nínú rẹ̀, a ó sọ èyí láìpẹ́.

Ìkòkò amọ̀ ló dára jù, torí pé ó ń mí. Bídọ̀n tí a gé lórí náà lè ṣe é, bí ẹ bá lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Fún ilẹ̀ rẹ̀, ẹ lo ìlọ́po méjì ewé jíjẹrà láti abẹ́ igi, ìlọ́po kan yanrìn odò tó le, àti ìlọ́po kan òkúta wẹ́wẹ́ tó dàpọ̀ mọ́ èédú fífọ́. Ẹ fi ilẹ̀ tí ẹ wú u bọ̀ sí àárín. Ẹ gbé kókó lé orí rẹ̀, kí ìdajì rẹ̀ wà níta. Bí ẹ bá da omi sí i, kí omi náà jáde nísàlẹ̀ kí ẹ tó ka dé ogún. Bí kò bá jáde, ẹ fi yanrìn kún un. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí i, ó máa jó gbòǹgbò rẹ̀.

Ibi tó yẹ ẹ́ ni ibi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á, tí òjìji sì dé bá a lọ́sàn-án. Abẹ́ máńgòrò ṣú jù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà tí a fi igi ṣe, tàbí abẹ́ igi tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ní òkúta ńlá nínú àgbàlá, tí Atakpamé kò sì ṣàìní in, kò nílò ìkòkò rárá: kó wá kòtò láàárín òkúta méjì, kó da ewé jíjẹrà àti yanrìn sí i, kó gbìn ín síbẹ̀. Àwọn tí a gbìn báyìí ló ń ṣe dáadáa jù lọ́dọ̀ wa.

Ẹ má bomi rin ín títí ọ̀mùnú yóò fi yọ. Nígbà tó bá ti gùn tó ìka kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Láti oṣù karùn-ún, òjò fúnra rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ náà. Láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù keje ló sábà máa ń tanná. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kẹwàá, ẹ dáwọ́ omi dúró, kódà bí ewé bá ń bẹ̀ yín. Ní ọyẹ́, ẹ gbé ìkòkò sábẹ́ òrùlé. Ẹ wò ó fún ìgbín àti tata. Òru kan péré ni ìgbín nílò láti jẹ ọ̀mùnú tán, ọdún kan gbáko sì ni ẹ ó fi dúró de òmíràn.

Bí kókó bá ti tó mẹ́fà, ẹ lè pín in ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀bẹ mímọ́ ni kí ẹ lò, kí mẹ́ta mẹ́ta wà pọ̀. Kókó kan ṣoṣo kì í ní agbára. Ẹ fi eérú igi pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ ní òjìji fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ẹ tó gbìn ín.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń bi wá pé kí ló dé tí a kò kúkú gbin irúgbìn rẹ̀ bí ti tòmátì. Àpò irúgbìn rẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn òdòdó, á fara kọ́ sísàlẹ̀, á sì là nígbà tó bá gbẹ. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí eruku tábà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ kankan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Hóró àgbàdo gbé oúnjẹ ìrìn-àjò rẹ̀ lọ́wọ́. Irúgbìn orchidée jáde nílé lọ́wọ́ òfìfo. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Noël Bernard, ló rí àṣírí rẹ̀ ní ọdún 1899: ẹbí olú kan tó wà nínú ilẹ̀, tí ojú kò lè rí àyàfi pẹ̀lú ẹ̀rọ, ló máa ń wọ inú irúgbìn náà, tó sì ń fún un ní oúnjẹ títí yóò fi ní ewé tirẹ̀. Níbi tí olú yìí kò bá sí, irúgbìn kò ní hù. Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹ má fọ gbòǹgbò, àti ìdí tí oògùn apakòkòrò olú fi lè pa orchidée láì kàn án lára. Ní Amẹ́ríkà, Lewis Knudson fi hàn ní 1922 pé ènìyàn lè fi omi ṣúgà rọ́pò olú náà nínú ìgò mímọ́, ọ̀nà yẹn ni àwọn tó ń tà á ní òkè òkun ń lò. Kì í ṣe iṣẹ́ àgbàlá.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa ni láti ku irúgbìn náà sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, lórí ewé jíjẹrà, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí a má sì tú ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ìyá ti ní olú náà nílé. Ẹ ní sùúrù fún ọdún púpọ̀ kí ọmọ tó tanná.

Kí àpò irúgbìn tó wà, akọ gbọ́dọ̀ dé ara abo. Ọ̀pọ̀ Eulophia kì í fún kòkòrò ní oyin lá. Ẹ̀tàn ni wọ́n fi ń pè é. Ní gúúsù Ghana, àwọn onímọ̀ méjì kọ ní 1975 nípa bí oyin dúdú ńlá, èyí tó máa ń lu ihò sára igi gbígbẹ, ṣe ń gbé hóró Eulophia cristata káàkiri. Bí irú oyin bẹ́ẹ̀ kò bá wá sí àgbàlá yín, ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ẹ fi ẹnu ìgbálẹ̀ gbé hóró méjì lábẹ́ fìlà òdòdó kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ kòtò tó ń lẹ̀ nínú òdòdó igi mìíràn. Ọ̀nà kan náà yìí ló sọ vanille di ọrọ̀ ní erékùṣù Réunion: vanille náà orchidée ni, ní ọdún 1841 sì ni Edmond Albius, ọmọ ẹrú tí kò ju ọmọ ọdún 12 lọ, rí bí a ṣe lè fi igi tín-ín-rín so akọ mọ́ abo rẹ̀. Wọ́n ṣì ń lo ọgbọ́n ọmọ náà títí dòní. Òun fúnra rẹ̀ kú ní òtòṣì.

Ohun tó ń pa á

Iná oko nìkan kò tó láti pa á, torí pé nígbà tí iná ń jó, ó ti sùn. Ohun tó ń pa á ni kí wọ́n gé gbogbo igi tó ń ṣíji bò ó fún èédú, kí wọ́n máa fọ́n oògùn apakoríko títí dé ẹsẹ̀ àpáta, kí wọ́n sì máa fọ́ àpáta náà fún gíráfíà. Àpáta kò nílò kí a fi ọkọ́ ro ó, ìdí nìyẹn tí òdòdó yìí fi sá síbẹ̀. Bí a bá ti wá ń ru àpáta náà gan-an sínú ọkọ̀, ibo ló tún kù?

Àwọn tó ń wú u tà náà ń bọ̀. Ní Zambie, wọ́n ń se ìdí orchidée ilẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀pà lílọ̀, chikanda ni wọ́n ń pè é. Ó ti di ọjà débi pé wọ́n ń wá a lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn bíi Tanzanie, torí pé ti ilé ti ń tán. Àdéhùn Washington ti ọdún 1973 wà lórí gbogbo orchidée ayé, Togo sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i: ẹni tó bá fẹ́ gbé orchidée igbó kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ gba ìwé. Nítorí náà bí àlejò kan bá ní kí ẹ kó kókó wá fún òun nínú àpò, pé òun á san owó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í léèrè ìwé rẹ̀ tí Eaux et forêts fún un.

Ní tiwa, a kì í wú èyí tí ààyè rẹ̀ wà ní àlàáfíà mọ́. Èyí tí ẹ̀rọ ọ̀nà tàbí àwọn afọ́kùúta fẹ́ kọjá lórí rẹ̀ nìkan la ń gbé, lẹ́yìn tí a bá ti bi ẹni tó ni ilẹ̀. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, a gbé ìdì méje kúrò ní ibì kan tí wọ́n ti sàmì sí láti fọ́. A gbé wọn tòun ti ilẹ̀, a sì kó wọn sáàárín àwọn òkúta tó wà lẹ́yìn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Méjì kò jí. Márùn-ún yọ ewé, ọ̀kan nínú wọn tanná ní oṣù kẹfà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹnu ìgbálẹ̀ so ó pọ̀ mọ́ èyí tí ó ti wà nínú ìkòkò amọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Àpò irúgbìn kan ṣoṣo ló wú. A ti ku eruku inú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, a fi okùn yí ibẹ̀ ká, kí àwọn tó ń gbálẹ̀ láràárọ̀ má baà gbá a lọ.